Ìyá Kọ́mà àti Ìwé Tí Kò Ní Àdírẹ́sì

Ìyá Kọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi, inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ sí i. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ ọ́fíìsì ìjọba. Kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ fótókọ́pì wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sì ń tẹ ẹ̀rọ ẹ̀yìn yẹn, nítorí mi ò ní sùúrù fún lẹ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ ìjọba, tó fẹ́ bínú sí ìjọba, tó fẹ́ kí wọ́n dá òun padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ yà sí.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ṣi nọ́ńbà ilé oníbàárà kan tẹ̀. Èsì ìwé ọkùnrin náà lọ sí ilé onílé. Ìgbà tó máa fi rí i, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò tó ń wá. Láti ọjọ́ náà ni àbúrò mi ti búra pé ìwé kankan ò ní jáde lọ́wọ́ òun láìjẹ́ pé òun kà á sókè, tòun ti kọ́mà àti àmì ìdánudúró rẹ̀. "Ọ̀gá mi, kọ́mà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ ìwé yìí, ìdánudúró." Bó ṣe ń kà á nìyẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọ́tísíìmù ni dókítà sọ pé ó ní, ó sì ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe é, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti inú oyún ni. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn ara rẹ̀ kọ́ ló jáde. Ohun tó bá gbọ́ ni yóò sọ, gẹ́lẹ́ bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe sọ ọ́: ohùn olùkọ́, ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn, ohùn ìyá rẹ̀ tòun ti kọ́mà. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tó bá bọ́ sétí ọmọ yìí kì í fọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Rédíò. "Ọkọ mi" ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

Iṣẹ́ iná ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago márùn-ún, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá já bọ́ láti orí òpó iná. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, a jókòó ní pálọ̀, aago márùn-ún lù, a sì gbọ́ ohùn òkú láti inú yàrá: "Ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Àbúrò mi dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó pa á dé, ọmọ náà sì jókòó, ó jẹun.

Bí kò bá ṣí i, ọmọ náà kò ní fẹnu kan oúnjẹ. Báyìí ni àbúrò mi ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú, lójoojúmọ́, fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Mo ní kó kó kúrò nílé náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ?"

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ìjọba ń sanwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnì ẹ̀wù, bí wọ́n ṣe ń béèrè omi dípò kí wọ́n máa forí gbá ògiri. Ọdún mẹ́ta ni olùkọ́ rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ti bọ́tìnì nìkan. Nígbà tó ku ọdún kan kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ìwé dé pé ọjọ́ tó bá pé e ni owó ìjọba yóò dúró, nítorí ó ti dàgbà.

"Ó ti dàgbà," àbúrò mi wí. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí mo ṣì ń bá fọ ẹ̀yìn ló ti dàgbà." Ó ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó ká a, ó fi í sábẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ìgbà yẹn ló tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ti ara rẹ̀. Ohun tó ń béèrè kò ju méjì lọ: kí wọ́n má ṣe dá ìtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ náà dúró, kí ìjọba sì ní ilé kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa gbé bó bá di àgbà, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́. Ó kọ ọ́ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kó lọ sí òmíràn. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Akọ̀wé kan tiẹ̀ bi í pé, "Ìyá Kọ́mà, ṣé ẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́ lónìí ni?" Ó ní, "Èyí tí mo ní lọ́wọ́ nìyí." Àwọn òbí mìíràn gbọ́, wọ́n ń rọ́ wá, ó ń tẹ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bínú sí i nítorí bébà. Nígbà tí ìwé wọn pé ọgọ́ta, ìgbìmọ̀ ìjọba ẹlẹ́ni méje kan ránṣẹ́ pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Oṣù méjì ló kù kí ọmọ náà pé ọdún mọ́kànlélógún.

Mo mọ ohun tó ń lé e kiri. Dókítà ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. "Bí mo bá kú," ló máa ń wí, "ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn?" Mi ò dáhùn rí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní orúnkún tó ń dùn mí, mo sì ní ilé kan tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òótọ́: ẹ̀rù ọmọ náà ń bà mí.

Nígbà tí ìpàdé náà ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ ra bébà lọ́sàn-án. Nígbà tí mo dé, mo bá àbúrò mi níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń ka nǹkan kan jẹ́jẹ́. Ọmọ rẹ̀ wà ní igun tirẹ̀, ó ń ká bébà tó ti bàjẹ́ sí mẹ́rin-mẹ́rin bó ṣe máa ń ṣe. Bí àbúrò mi ṣe rí mi, ó pa gbogbo ohun tó tẹ̀ rẹ́.

"Ìwé ta nìyẹn?"

"Ìwé tí kò ní àdírẹ́sì ni. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ó ti pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àwa tí a ti wà pẹ̀lú ọmọ yẹn láti ọjọ́ yìí wá, a gbàgbé pé ohun tó bá ti wọ etí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́.

Mo ní kó má mú ọmọ náà lọ síbi ìpàdé. Ó ní, "Ìwé nìkan ni wọ́n ti ń rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó ni ín."

Yàrá náà tutù. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀ àti ife omi méje, kò sí tiwa. Alága ní ìṣẹ́jú márùn-ún la ní. Àbúrò mi ka tirẹ̀ láìpe kọ́mà kan, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Nígbà tó parí, ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó ní, "Ìyá, a bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè gba ipò mọ̀lẹ́bí. Ọmọ yìí, ṣé kò ní ẹbí ni?"

Ó wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Àbúrò mi nìkan ni kò wò mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Mo wúkọ́, mo wolẹ̀.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Kò gbójú sókè, bébà ló ń ká, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ni, ohùn jẹ́jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn:

"Olúwa mi, kọ́mà, gbogbo ìyá ló ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun sin òun, ìdánudúró. Mi ò lè ṣe àmín sí àdúrà yẹn, ìdánudúró. Jọ̀wọ́, kọ́mà, mú un lọ ṣáájú mi, kọ́mà, ọjọ́ kan péré, kọ́mà, kí n lè wẹ̀ ẹ́, kọ́mà, kí n de bọ́tìnì rẹ̀, kọ́mà, kí n sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìdánudúró."

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gbé bírò kúrò lórí ìwé. Alága bi àbúrò mi pé, "Ìyá, ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Ó lè purọ́. Mo ń gbàdúrà nínú pé kó purọ́. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Èmi ni mo sọ ọ́, ohùn mi nìyẹn." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Gbogbo ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ jẹ́ kí n lè gba àdúrà mìíràn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ìtọ́jú kò ní dúró, wọn yóò sì tún ilé kan tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé tẹ́lẹ̀ ṣe fún ènìyàn mẹ́jọ láti máa gbé. Àbúrò mi kà á sókè, ó ní ó ku kọ́mà kan, ó wá gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán, ọmọ náà kó lọ síbẹ̀. Ní aago márùn-ún lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ á ti dé ibẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó dáwọ́ dúró lórí àga ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ló ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ sì sin ín. Ó de bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Àdúrà tí gbogbo ìyá ń gbà, òun tó kọ̀ ọ́ ló gbà fún.

Èmi ni mo ń lọ báyìí, tèmi torúnkún. Bó bá ti di aago márùn-ún, bàbá á ní ká ṣílẹ̀kùn, màá ṣí i, màá pa á dé, ọmọ á jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń ṣe ti ìpàdé yẹn. Ohùn ọkùnrin onígíláàsì ló fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ yìí, ṣé kò ní ẹbí ni?" Lẹ́yìn náà ló máa ń wú ikọ́ gbígbẹ kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tó ni ikọ́ náà. Yóò wá dákẹ́, bó ṣe gùn tó lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́, kí ohùn ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ létí ọmọ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ikọ́ yẹn nìkan ló mú níbẹ̀.

Mo ti ń dáhùn báyìí. Bó bá ti dákẹ́, màá sọ ọ́ sókè kí ó hàn ketekete: "Ó ní ẹbí. Èmi ni." Ó máa ń dúró kí n sọ ọ́ tán. Yóò ká bébà rẹ̀ sí mẹ́rin, yóò fi í lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá sì dé lọ́jọ́ kejì, yóò tún wúkọ́.