Ìró Sílípáàsì Lórí Àtẹ̀gùn

Nígbà tí oyún dúró lára ọmọbìnrin mi lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, inú mi dùn, àyà mi sì já. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé ní Yábàá, àtẹ̀gùn lásán la fi ń dé ibẹ̀. Orúnkún mi sì rèé, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Wọ́n ti ní bí n kò bá lè gòkè, ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò wẹ ọmọ. Ìyá yẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sílé kí ẹlòmíràn máa wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní, "Màmá, ẹ máa gòkè, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀." Oṣù mẹ́ta ló kù. Mo wá èédú. Ojúmọ́ tí mo bá ti gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, n óò fa ìlà kan sára ògiri.

Yàrá ìyáálé mi ló wà lókè níbẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ín la ti tì í pa. Òun ló wẹ ọmọbìnrin mi yìí nígbà tí mo bí i, ó sì máa ń wí fún gbogbo ayé pé, "Tí eléyìí bá bímọ, èmi náà ni n óò wẹ̀ ẹ́." Ó dúró títí, oyún kò dé. Ó sì mọ ènìyàn bú! Tó bá rí mi tí mo ń fara ti ògiri rìn, á ní, "Ìyàwó, ṣé ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn àbí òpó ilé?"

Lọ́jọ́ kìíní, mo gun ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́fà, mo jókòó. Ìgbà náà ni mo gbọ́ sílípáàsì lókè: pá, wọ́ọ́, pá, wọ́ọ́. Bí ìyáálé mi ṣe máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nìyẹn. Mo gbójú sókè. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo dìde. Kì í ṣe ìgboyà. N kò fẹ́ kó bá mi ní ìjókòó ni. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá ti fẹ́ sinmi, n óò gbọ́ ọ, n óò sì dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, orúnkún ń ro mí, mo ní n kò lọ. Ni mo bá gbọ́: "Ìyàwó!" Lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo fi dá ohùn yẹn lóhùn. Kí ọgbọ́n tó dé, ẹnu ti là: "Mà! Mò ń bọ̀!" Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́.

Nígbà tí mo jáde, ìlà tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni èédú wà. Mo bi àwọn ará ilé, kò sẹ́ni tó fà á. Mo gùn dé òkè lọ́jọ́ náà láìjókòó. Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, má yọ èyí kúrò o.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí fóònù fi dún pé ọmọbìnrin mi ti bímọ, wọ́n sì ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Mo gbé kànrìnkàn àti òrí, ó di Yábàá. Àna mi, ìyá ọkọ rẹ̀, yọrí láti òkè:

"Ìyá ìyàwó, ṣé kí n máa bẹ̀rẹ̀ ni? Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ o!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, mò ń bọ̀!"

Ní àjà kejì, orúnkún kọ̀. Mo di irin mú. Ní ẹ̀yìn mi, nísàlẹ̀: pá, wọ́ọ́. Ìyáálé mi kò dé ilé yẹn rí láyé rẹ̀. Mo gùn ún.

Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, ẹ káàbọ̀. Ta lẹ jọ wá?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni mo gbọ́."

Mo gba ọmọ, mo jókòó sórí àpótí. Àna mi fẹ́ ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ná." Mo sún lórí àpótí, mo fi àyè ẹnì kan sílẹ̀. Mo bu omi.