Omi Àmù Ọláwuyì

Lọ́dún 1956, Bernice kú ní Èkó. Ọkọ rẹ̀, Ọláwuyì, gbé ẹja òkun mẹ́ta tí ìyàwó náà ń sìn nínú ìgò wá sílé ní Ìlá, tòun tomi òkun wọn. Ẹnikẹ́ni kò rí omijé lójú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ìgò gbóná, ẹja ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹja kò kúkú ní abẹ̀bẹ̀. Ọláwuyì dà wọ́n tomitomi sínú àmù ìloro tó ti gbẹ, torí ìkòkò amọ̀ a máa mú omi tutù. Ara ẹja balẹ̀ nísàlẹ̀. Ó gbàgbé pé àmù ìloro kì í ṣe tẹnìkan: ẹni tó bá ti inú oòrùn dé a bu omi mu níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti oko dé, ó bu ife kan, ó gbé e mì. Ó fi ahọ́n lá iyọ̀ ètè rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Ọláwuyì, ta ló ń sunkún sínú àmù?”