Ulé Bàbá Mi

Àárò ariwo ìyá mi máa ń sọ mí. Nígbà tí mo ṣí ímeèlì fún un ní Àrámọkọ, mo ní kó fi páásìwọ́ọ̀dù tí kò ní gbàgbé sí i, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wálé láti Ìbàdàn, mo bi í léèrè páásìwọ́ọ̀dù náà. Ó lọgun láti ilé ìdáná: “Ulé bàbá mi!” Gbogbo agboolé gbọ́. Inú bí mi. Àṣírí wo ló tún kù?

Mo tẹ “ilé bàbá mi”. Fóònù kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó kọ̀.

Ìyá mi yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín: “U ni, ọmọ mi, kì í ṣe i.”

Gbogbo agboolé ì bá wọlé wẹ́rẹ́. Èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn tì mọ́ta.