Ìjàpá Nínú Awọ Ẹkùn

Lánàá, ọkọ̀ ìjàpá kan kọjá níwájú ilé mi, ìdí rẹ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi sáré jáde lọ wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Irú ariwo yẹn ló sọ mí lórúkọ burúkú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àsìkò Sáàpù ni, nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba sọ ọkọ̀ tuntun di ohun tí à ń wò lókèèrè. Àǹtí Rábí, ẹ̀gbọ́n mi, ń lọ sílé ọkọ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni ọmọdébìnrin tí yóò bá a lọ, tí yóò máa sùn tì í títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ ilé àna. Bọ̀dá Láyí, ọkọ rẹ̀, ní irú ọkọ̀ asáré tí à ń rí lára kàlẹ́ńdà ni òun yóò fi gbé e. Ó mú àwa méjèèjì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń fi fáíbà, ike líle kan, mọ àfarawé rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọkọ̀ àlòkù lórí.

Méjì ló wà nílẹ̀. Pupa ń dán bí ọwọ́ tí wọ́n lé làálì sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ìjàpá ogbó ló wà nídìí rẹ̀. Eléérú kò dán, àmọ́ ẹ́ńjìnnì takisí tó ṣì lágbára ló wà níwájú rẹ̀, irin gígùn kan sì gba abẹ́ lọ ń yí táyà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àga rẹ̀, àyè kékeré kan wà. Mo ti ká jọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

"Èwo nínú wọn ló máa gbé wa délé?" Àǹtí Rábí béèrè.

"Pupa ló yẹ ọ́, Rábí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, yóò máa tì wá lọ ni."

"Bọ̀dá, níbo lèmi máa jókòó sí?"

Ó ṣí ẹ̀yìn: ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí iwájú: àyè àpótí aṣọ kan péré. Ó wo mẹkáníìkì, mẹkáníìkì wo òkè.

"Ìjàpá ló gbé awọ ẹkùn wọ̀ yìí," ni mo fi ẹkún sọ. "Kò ní dé Ògbómọ̀ṣọ́!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pupa náà ló gbé tọkọtaya, èmi àtàwọn ìyàwó ilé wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn. Ní agbedeméjì ìrìn-àjò la bá ìyàwó lẹ́bàá ọ̀nà lórí àpótí aṣọ rẹ̀, ìbòjú lójú, eruku lórí ìbòjú. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí. Wọ́n pe mẹkáníìkì kan wá, ó ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà ló ti jẹ tán. Gbogbo wa la gbọ́. Síbẹ̀ Bọ̀dá Láyí nàka sí mi: "Ẹnu ọmọ yìí ni!"

Bí mo ṣe di Ẹlẹ́nu Burúkú nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Àǹtí Rábí, wọ́n ní kí n má ṣe la ẹnu mi rárá. Mo kàwé, mo di olùkọ́, wọn ò gbàgbé. Mo rò ó títí, kò yé mi dòní: báwo lẹnu ọmọdé ṣe ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì?

Lónìí, jíìpù ńlá ló ń gbé ìyàwó. Àyè pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ń bá ìyàwó lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó yan ohun tí kò dáa ṣì ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, bọ́ọ̀sì wa ló padà gbé ìyàwó délé. Orí itan rẹ̀ ni mo jókòó sí. Lábẹ́ ìbòjú ló ti sọ ọ́ sí mi létí: "Kílọ́ọ̀ṣì ni, àbúrò mi."

Láti ọjọ́ náà, kò ṣí ìbòjú tún un sọ lójú ẹnikẹ́ni.