Oògùn fún Ọkọ̀ Tuntun

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣaláìsí nígbà tí mo fi kẹ́míkà tí wọ́n ń dà mọ́ bẹntiróòlù hàn án. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni wá. A kì í lo ohun tuntun láìkọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Wọ́n ti gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n èmi rò pé ó yẹ kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ náà gba agbára tirẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, wọ́n ti gbàdúrà sí i. Oògùn wo lẹ tún fẹ́ fún un? Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yọ́ lọ dà á sínú táǹkì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìyàwó mi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò lè wa ọkọ̀ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ba ohun tí a jọ ṣe làálàá rà jẹ́. Níkẹyìn, mo pe mẹkáníìkì wa láti Òjòwò, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí ìyàwó mi sọ. Ó yẹ ọkọ̀ wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Màmá sọ, kò ṣàìsàn: epo tó mọ́ ti tó ọkọ̀ tuntun o."

Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo dá wa ọkọ̀ lọ sílé epo ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ra epo nìkan.