Ìṣákọ́lẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Alhaji

Títí di òní, bí òórùn ata rodo tútù bá ti ta sí mi nímú, ẹ̀yìnkùlé kan ní Peckham ni ọkàn mi ń lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, mo gba yàrá kan nílé Alhaji kan. Iṣẹ́ shift, tọ̀sán-tòru, ló ń gba ọjọ́ mi, mi ò mọ ẹnikẹ́ni, àárò ilé sì fẹ́ẹ̀ pa mí. Ni mo bá bẹ Alhaji pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé.

"Gbìn ín," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n má gbàgbé ìṣákọ́lẹ̀ mi o."

Ọmọ Èkó ni mí, mi ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, àlejò tó bá wọ̀lú a tọ onílẹ̀ lọ, wọn a sì fún un níbi tí yóò dáko sí. Kò ra ilẹ̀. Bó bá kórè, a mú díẹ̀ lọ fún onílẹ̀ láti fi hàn pé òun ò gbàgbé ẹni tó nilẹ̀. Ìyẹn ni ìṣákọ́lẹ̀. Yínniyínni, kẹ́ni ó lè ṣèmíì. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò mú un wá, wọ́n lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyà mi já, nítorí ilẹ̀ ṣókí yẹn nìkan ló ń múnú mi dùn ní gbogbo London. Mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti rodo tìtara-tìtara. Òtútù pa tẹ̀tẹ̀. Ata mẹ́ta hẹ́gẹhẹ̀gẹ ló so. Ojú tì mí. Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá lọ sọ́jà Rye Lane, mo ra iṣu ńlá kan, mo sì kúnlẹ̀ gbé e síwájú Alhaji.

Wọ́n wo iṣu, wọ́n wò mí. "Ṣé ilẹ̀ mi ló hu eléyìí?"

"Rárá, sà."

"Gbé e lọ fún ẹni tó nilẹ̀ ẹ̀."

Mo rò pé ó ti parí fún mi. Alhaja, ìyàwó wọn, ló pè mí sí kíṣìnnì, ẹ̀rín ń pa wọ́n. "Ohun tílẹ̀ bá fún ẹ ni kó o mú wá, my dear. Wọn ò sọ pé kó pọ̀."

Mo kó ata mẹ́ta sínú àwo. Alhaji gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún mi bí ẹni pé màlúù ni mo fà wá. Wọ́n bu ọ̀kan jẹ, omi sì bọ́ lójú wọn.

"Ata yìí ta o! Kò sẹ́ni tó máa lé ẹ mọ́."

Mo ti nílé tèmi ní Sydenham báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ṣì ń dáko sí. Nígbà tí Alhaji jáde láyé, ilé di ti ọmọbìnrin wọn tí wọ́n bí síbí. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní mọ àṣà wa, pé yóò da kọnkéré sílẹ̀ náà. Kí n tó kórè, fóònù mi dún, ọmọ náà ni.

"Aunty, summer ti ń lọ o! Ìṣákọ́lẹ̀ mi dà? And please, ẹ má mú yam wá o."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún díẹ̀, mo sì mú àwo, mo gba ọ̀nà Peckham lọ.