Orúkọ Wa Nínú Àwọn Ìtọ́kasí

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta ọ̀sán lù, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì, òórùn kọfí tó ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò rẹ̀ sì gba gbogbo láàbù wa ní Harlem kan, nígbà tí jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń tẹ àbájáde ìwádìí jáde, dá iṣẹ́ wa padà. Wọn ò kọ̀ ọ́ o. Iṣẹ́ náà tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ìtọ́kasí tó wà ní ìparí rẹ̀ nìkan, ìyẹn orúkọ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú wa tí a gbé ọ̀rọ̀ wa lé, ni kò rí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Orúkọ ìdílé gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àbísọ tẹ̀ lé e, kí a sì fi nọ́ńbà tò wọ́n. Wọ́n fún wa di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá mi, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n bí sí New York níbí, yí àga wọn sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Akin, ìwọ ni mo gbé e lé lọ́wọ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé Akin yìí, kí ẹ má baà rò pé ọkùnrin ni mí. Ìbídùn ni wọ́n sọ mí, Akínwándé ni orúkọ bàbá mi. Nílé, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé orúkọ bàbá ló ń ṣáájú nínú rẹ́jísítà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe kọ ọ́ nígbà tí mò ń wá iṣẹ́. Ọ̀gá mi rí èyí tó ṣáájú, wọ́n gé e kúrú, mo di Akin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ, àyà mi já. Lọ́jọ́ kejì mo rò ó pé wọn á béèrè ìdí tí n kò fi sọ ọ́ lánàá. Nígbà tí oṣù kan fi pé, ó ti di ohun tí ẹnu mi ò lè gbé mọ́. Ẹ wò ó, ta ni èmi tí àgbà á pè tí màá ní wọn ò pè mí dáadáa? Àwọn fúnra wọn ti ní kí n máa pe àwọn ní orúkọ àbísọ àwọn, n kò sì lè ṣe é. Ńṣe ni mo máa ń to ọ̀rọ̀ mi kí n má baà nílò láti pè wọ́n ní ohunkóhun. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n wo nǹkan, mo máa ń lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, màá wúkọ́. Àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Flatbush ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Akin, ọkọ mi, o káàbọ̀. Wá bá mi gbé àpò ìrẹsì yìí, ìwọ tó o jẹ́ ọkùnrin." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan máa ń gún mi nínú lẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí orúkọ mi máa wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ mi ní láàbù yóò parí nígbà tí ooru bá mú níbí, iṣẹ́ tí jọ́nà fẹ́ tẹ̀ jáde yìí sì ni mo fẹ́ fi wá ààyè láti kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. Mo ti rí i lójú ewé àkọ́kọ́ pé wọ́n kọ mí sódì. Bó bá jáde bẹ́ẹ̀, Ìbídùn á di ìdílé, Akínwándé á di èmi, ẹni tó bá ń wá mi kò ní rí mi. Síbẹ̀ mo ń tu ara mi nínú pé ṣebí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣáà pé.

Lọ́jọ́rú, bí mo ṣe ń tún àwọn ìtọ́kasí náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń wá kọmá tó sọnù kiri, mo dé orí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan láti ilé. Àwọn ló kọ́kọ́ wọn bí ooru ṣe ń pọ̀ tó nínú àpótí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé. Láìsí iṣẹ́ wọn, tiwa ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Jọ́nà ilé tẹ orúkọ wọn báyìí: Adégòkè Ọlápéjú. Kọ̀ǹpútà tiwa, tó máa ń mú orúkọ tó kẹ́yìn ní orúkọ ìdílé, wá kọ ọ́ ní Ọlápéjú A. Mo wo àwọn mìíràn tó ti lo iṣẹ́ náà, bákan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe kọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá dúró lẹ́nu géètì tó ń pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Péjú. Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdílé lè máa jẹ́ Ọlápéjú, ọmọ sì lè máa jẹ́ Adégòkè. Ọ̀gá mi ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, pé bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ní ó dáa, mo padà sí àyè mi, n kò sì lè fi í sílẹ̀.

Mo rí àdírẹ́sì íméèlì wọn, mo kọ̀wé. Ìlà mẹ́rin ni mo fi kí wọn kí n tó béèrè, mo sì fi nọ́ńbà mi sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Alàmísì, fóònù mi dún. Mo sáré jáde sí ọ̀nà àárín ilé, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi kí n tó rántí pé wọn ò rí mi.

"Adégòkè ni ilé wa," ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn yẹn ti ń pe orúkọ ilé mi ní Péjú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kọ̀ǹpútà ni àwọn ń wò ní tiwọn. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè." Wọ́n wá béèrè pé, "Tìrẹ ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "O ò ṣe ní irùngbọ̀n," ni wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ohùn wọn yí padà. "O bìkítà fún tèmi, o wá fi tìrẹ sílẹ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dìde nílẹ̀ tó o kúnlẹ̀ sí yẹn, lọ bá ọ̀gá rẹ." N kò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

Mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá mi, mo wúkọ́. Mo ti múra ọ̀rọ̀ kúkúrú, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló tú jáde: ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ, rẹ́jísítà, bàbá mi, Akin tó jẹ́ orúkọ ọkùnrin, àgbà tí a kì í já ní koro, títí kan àpò ìrẹsì àǹtí mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Ojú tì wọ́n. Wọ́n béèrè ìdí tí n kò fi sọ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní n kò mọ ohun tí màá pè wọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rín mú wọn. Wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi tún un kọ. Wọ́n wá gbìyànjú láti pe Ìbídùn, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Iṣẹ́ náà ti jáde báyìí. Adégòkè wà nínú àwọn ìtọ́kasí, Akínwándé I. sì wà lókè. Mo fi ránṣẹ́ sí màmá ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n fèsì pé, "A dúpẹ́, a rí ara wa." Mo rò pé orúkọ inú kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, àṣé mò ń kọ́ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà láìsọ ara ẹni nù ni. Yunifásítì kan ti gbà mí, wọ́n sì kọ orúkọ mi bó ṣe yẹ nínú lẹ́tà wọn.

Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó mi. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi, tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Wakefield ní New York níbí, tí wọ́n fẹ́ràn mi gan-an, ti ń fi orúkọ ilé wọn pè mí lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Àfẹ́sọ́nà mi ní ohun tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ni kí n ṣe, ìyẹn ò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá. Bí mo bá gba orúkọ wọn, ta ni yóò mọ̀ pé èmi náà ni Akínwándé orí iṣẹ́ yẹn? Bí n kò bá sì gbà á, báwo ni màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá àfẹ́sọ́nà mi kí inú wọn má bàjẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ tètè sọ ọ́.